Álọ́ọ̀mù inú dúrọ́ọ̀mù wa: ṣé lóòótọ́ ló ń ba ọpọlọ jẹ́?

Abẹ́kẹ́ Òkè-Baálẹ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ kan ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé wa, mo ní kí n gbé e wá síbí. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, omi kànga wa máa ń pọ́n. Álọ́ọ̀mù la máa ń rà ní Ọjà-Ọba. Ìyá ọkọ mi á mú òkúta rẹ̀ kan, wọ́n á fi yí inú dúrọ́ọ̀mù po títí, wọ́n á wá jọ̀wọ́ rẹ̀ síbẹ̀ mọ́jú. Tó bá fi máa di àárọ̀, omi á ti tòrò, èèyàn á máa rí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù kedere.

Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Ìbàdàn ló fi ohùn kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní alumíníọ̀mù ni álọ́ọ̀mù, òun ló ń jẹ́ kí àwọn àgbà máa ṣarán, kí ẹnikẹ́ni má fi kan omi mímu mọ́. Ìyá ní irọ́ ni. Èmi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbà. Mo sì ti ń kíyè sí i tipẹ́ pé omi yẹn máa ń kan díẹ̀, ó máa ń fún ètè pọ̀. Ọmọ mi ò tíì pé ọdún kan, omi yẹn náà la fi ń po mílíìkì rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ dá sí i.

Ọmọ Òròkí
Ẹ ò rí àwọn WhatsApp yìí! Lánàá, ata ilẹ̀ ń wo jẹjẹrẹ. Lónìí, álọ́ọ̀mù ti fẹ́ sọ gbogbo wa di aṣiwèrè. Mo ti gbé gúgúrú mi jókòó. Níbo ni Bàbá Wọ́tà wà?

Alájì Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
Álọ́ọ̀mù tí a ti ń lò látayébáyé? Ìyá tó bí mi lò ó títí wọ́n fi jáde láyé, wọ́n sì ń pe orúkọ gbogbo ọmọ-ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láì ṣì í. Àwọn tó fẹ́ ta fílítà ló ń gbé irú ọ̀rọ̀ yìí kiri. Abẹ́kẹ́, fi ìyá ọkọ rẹ sílẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Bàbá Wọ́tà
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìdí omi ni mo ti ṣe iṣẹ́ ọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp kò pa irọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Alumíníọ̀mù wà nínú álọ́ọ̀mù lóòótọ́: bí a bá wọn èyí tí wọ́n ń lò fún omi ní 100 gíráàmù, nǹkan bíi 9 gíráàmù nínú rẹ̀ ni alumíníọ̀mù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Amọ̀ tó kúnná gan-an ló sábà máa ń mú omi pọ́n. Iná kan tí kò ṣeé fojú rí wà lára ẹyọ amọ̀ kọ̀ọ̀kan, irú kan náà sì ni gbogbo rẹ̀, nítorí náà wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn. Wọn ò lè ṣù, wọn ò lè rọ̀ sílẹ̀. Ẹ lè gbé omi bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó ṣì pọ́n. Álọ́ọ̀mù ló ń pa iná yẹn, amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra, á wúwo, á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ á yí padà di ohun tí kì í yòrò, á bá amọ̀ lọ sísàlẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá lọ bó ṣe yẹ, ìba díẹ̀ ló máa ṣẹ́kù sínú omi tí a fẹ́ mu.

Ẹ má gbàgbé pé amọ̀ pàápàá ní alumíníọ̀mù nínú. Omi odò tó pọ́n lè ní alumíníọ̀mù ju omi kan náà lọ lẹ́yìn tí a bá fi álọ́ọ̀mù tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ìyẹn máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kíkan omi, ohun tí wọ́n ń fi pH wọ̀n: bí omi bá ṣe ń kan sí i ni pH rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Bí pH bá wà láàárín 6 sí 7 tàbí kó fi díẹ̀ lé e, alumíníọ̀mù kì í fẹ́ yòrò, á rọ̀ sílẹ̀. Bí omi bá kan ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa yòrò padà sínú omi tó mọ́ kedere, ojú ò ní rí i, fílítà aláṣọ ò ní mú un. Bó bá sì ré kọjá 8 lọ sókè, ó tún ń yòrò. Álọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ sì ni ó ń mú omi kan! Bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni, ibi tó ti pọ̀ jù ló ti ń bàjẹ́.

Èyí ló fà á tí àwọn wọ́tàwọ́kìsì kì í fi í dá álọ́ọ̀mù sómi ní ìfojúdíwọ̀n. Omi ẹ̀rọ tí a ń fà wá sí Òṣogbo láti ọ̀nà Ẹdẹ, odò Erinlẹ̀ ni orísun rẹ̀, odò yẹn kì í sì í rí bákan náà lóṣù ẹ̀ẹ̀rùn àti lóṣù òjò. Bí odò bá ti yí padà, a ó bu omi sínú ife mẹ́fà, a ó fi álọ́ọ̀mù tó yàtọ̀ síra sínú wọn, ẹ̀rọ á máa rò wọ́n pọ̀, a ó wá mú èyí tí álọ́ọ̀mù rẹ̀ kéré jù nínú àwọn tó tòrò. Lẹ́yìn náà ni omi á gba inú yanrìn kọjá, kí a tó fi láìmù (ẹfun o, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́) gbé pH rẹ̀ sókè, kí a tó fi kọ́lórínì pa kòkòrò.

Ní ti òṣùwọ̀n: ìwé òṣùwọ̀n omi mímu Nàìjíríà, NIS 554, ní kí alumíníọ̀mù má ju 0.2 mg lọ nínú lítà kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ibi ìtọ́jú omi ńlá lè ṣe é kó má ju 0.1 lọ, àwọn kékeré 0.2. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé agbára ibi ìtọ́jú omi ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n méjèèjì yìí, kì í ṣe pé ẹni tó bá mu 0.3 máa dùbúlẹ̀. Tó bá jẹ́ ìlera nìkan ni wọ́n wò, àwọn náà ṣírò rẹ̀ dé nǹkan bíi 0.9.

Abẹ́kẹ́ ọmọ mi, báwo ni òkúta álọ́ọ̀mù yẹn ṣe tóbi tó? Dúrọ́ọ̀mù wo sì ni?

Abẹ́kẹ́ Òkè-Baálẹ̀
Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù ńlá yẹn ni, èyí tó ń gba lítà 200. Òkúta náà ju ẹyin adìẹ lọ díẹ̀. Tó bá fi di àárọ̀, kò ní sí nǹkan kan mọ́ nílẹ̀ nínú rẹ̀, á ti yòrò tán.

Ayọ̀ Kẹ́mísìrì
Ẹyin adìẹ! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Álọ́ọ̀mù tó ju ẹyin lọ díẹ̀ máa tó 100 gíráàmù. Ẹ pín in sínú lítà 200, lítà kọ̀ọ̀kan gba 500 mg. Ìwọ̀n tí wọ́tàwọ́kìsì sábà máa ń lò wà láàárín 10 sí 50 mg, kódà fún omi tó pọ́n dáadáa. Ẹ ti fi ìlọ́po mẹ́wàá kọjá wọn.

Nínú 500 mg yẹn, 45 mg ni alumíníọ̀mù. Ká kàn sọ pé ìdá mẹ́wàá rẹ̀ péré ló kọ̀ láti rọ̀ sílẹ̀, 4.5 mg nìyẹn nínú lítà kan. Òṣùwọ̀n Nàìjíríà ní 0.2. Ó ju ìlọ́po 20 lọ! Kíkan tí ẹ ń tọ́ lẹ́nu yẹn gan-an ni ẹlẹ́rìí: omi yín ti kan, alumíníọ̀mù sì ń gbádùn omi kíkan. Bí ètè ṣe ń fún pọ̀ yẹn, álọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ni ẹ ń tọ́ wò.

Ọmọ Òròkí
Ẹyin adìẹ kan nínú dúrọ́ọ̀mù kan. Ìyá ò fẹ́ omi tó tòrò, dígí ni wọ́n fẹ́.

Alájì Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
Ẹ máa ṣírò lọ. Mo béèrè nǹkan kan: ta ló ti kú? Ẹ mú ẹnì kan wá ní Òṣogbo yìí tí dókítà sọ pé álọ́ọ̀mù ló pa á.

Nọ́ọ̀sì Títílọlá
Alájì, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ̀ka tí a ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti dákẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ní Òṣogbo, ẹ má béèrè ibi tó jẹ́. Ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà.

Láàárín 1970 sí 1980, ní Denver ní Amẹ́ríkà àti láwọn ìlú kan ní Ìlú Ọba, àwọn aláìsàn tó ń lo ẹ̀rọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀ á máa wá ọ̀rọ̀ tì. Ara wọn ń já pàtìpàtì, wọ́n ń ṣarán, egungun àwọn mìíràn ń ṣẹ́ láì ṣubú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Ní 1976, àwọn dókítà Denver kọ ọ́ jáde pé alumíníọ̀mù pọ̀ púpọ̀ nínú ọpọlọ àwọn tó kú. Omi tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ náà àti oògùn kan tó ní alumíníọ̀mù tí wọ́n ń fún wọn mu ni ó gbé e wọlé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn nìkan? Èmi àti ẹ̀yin, bí a bá mu alumíníọ̀mù nínú omi, ìfun wa kì í gbà á wọ ẹ̀jẹ̀ ju kékeré lọ, kò tó ìdá kan nínú 100. Èyí tó bá sì wọlé, kíndìnrín á tọ̀ ọ́ dànù. Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ kò ní ààbò méjèèjì yìí. Nǹkan bíi lítà 120 omi ló ń gba inú ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì wà láàárín omi yẹn àti ẹ̀jẹ̀. Kò gba ìfun rárá. Kíndìnrín tí ì bá sì gbé e jáde ti kú. Nítorí náà ni a kì í fi í lo omi tí alumíníọ̀mù rẹ̀ bá ju 0.01 mg lọ nínú lítà kan, ìyẹn ìdá kan nínú 20 èyí tí òfin fàyè gbà fún mímu. Omi tó dára fún Alájì lè pa ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ.

Ní ti ìgbàgbé àwọn àgbà, àìsàn Alzheimer, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ náà gbòde láti 1965, nígbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún alumíníọ̀mù sí ọpọlọ ehoro, tí okùn inú iṣan ọpọlọ wọn sì lọ́ mọ́ra. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wò ó dáadáa, lílọ́ ti ehoro àti ti aláìsàn kì í ṣe ọ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwádìí kan láàárín àwọn àgbà ní Faransé, tó jáde ní 2000, rí i pé ìgbàgbé pọ̀ sí i níbi tí omi ti ní ju 0.1 mg lọ nínú lítà kan. Àwọn mìíràn wádìí tiwọn, wọn ò rí irú ẹ̀. Ibi tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bá a dé ni pé ẹ̀rí tó wà kò tó láti sọ pé alumíníọ̀mù inú omi ló ń fa Alzheimer. Kò tó láti sọ pé kò kàn án rárá náà. Ẹni tó bá fi ìdánilójú sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì fún yín lórí WhatsApp, ẹ pa fóònù.

Abẹ́kẹ́, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni mo fẹ́ kó ká ẹ lára jù. Kíndìnrín ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ò lágbára bíi tàgbà, omi sì ni ìpìlẹ̀ gbogbo oúnjẹ rẹ̀. Wá omi mìíràn fún un títí ẹ ó fi tún ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù ṣe. Má sì torí álọ́ọ̀mù padà sí omi pípọ́n o! Ìgbẹ́ gbuuru àti kọ́lẹ́rà kì í dúró de ọdún 20 kí wọ́n tó pa ọmọ.

Alájì Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ tiyín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ yẹn, n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àmọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí ṣì fi hàn pé ìyá mi ò ṣe nǹkan tó burú.

Nọ́ọ̀sì Títílọlá
Kíndìnrín ìyá yín ló dára, Alájì. Kí Ọlọ́run ṣe tiyín bẹ́ẹ̀.

Dàpọ̀ Ìlú Ọba
Ẹ kú àárọ̀ láti Plymouth, ọmọ Ìgbọ̀nà ni mí. Ìtàn kan wà nítòsí ibi tí mò ń gbé yìí tí àwọn àgbà ibí ò tíì gbàgbé. Ní oṣù keje ọdún 1988, ní ibi ìtọ́jú omi Lowermoor tó ń fún Camelford àti agbègbè rẹ̀ lómi ní Cornwall, awakọ̀ kan tí kò mọ ibẹ̀ dáadáa gbé ọkọ̀ álọ́ọ̀mù olómi wá. Ó da 20 tọ́ọ̀nù sínú táǹkì tí kì í ṣe tirẹ̀, omi tí wọ́n ti tọ́jú tán, tó fẹ́ máa lọ sílé àwọn èèyàn, ló dà á sí. Nǹkan bíi 20,000 èèyàn ló mu nínú rẹ̀. Omi náà kan débi pé ó ń jẹ kọ́pà ara páìpù, irun àwọn kan di aláwọ̀ ewé, ẹnu ń bó, inú ń run. Ohun tó bí àwọn èèyàn nínú jù ni pé wọ́n kọ́kọ́ ń sọ fún wọn pé omi ò ṣe nǹkan kan, ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó jẹ́ kí aráàlú mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún 2013 ni ìjọba tó tọrọ àforíjì. Títí di òní, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó ṣe ọpọlọ àwọn kan nínú wọn.

Mo kàn ní kí n fi kún un ni. Ti Abẹ́kẹ́ ò tó ìyẹn rárá, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà á.

Ìyá Ẹlẹ́kọ
Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan kó má lọ di pé omi nìkan là ń bá jà. Ìkòkò tí mo fi ń ro ẹ̀kọ ńkọ́? Alumíníọ̀mù tí wọ́n rọ ni, èyí tó nípọn yẹn. Inú rẹ̀ ti ń ṣí kúrò.

Nọ́ọ̀sì Títílọlá
Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Oúnjẹ ló ń gbé alumíníọ̀mù wọ ara ènìyàn jù, omi kì í sábà kó ju ìdá bíi 5 nínú 100 lọ, tí omi náà bá bá òṣùwọ̀n mu. Ẹ wo èyí: ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń rí sí ohun tó ń bọ́ sínú oúnjẹ fi í lélẹ̀ ní 2011 pé kó má ju 2 mg lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan ara èèyàn lọ́sẹ̀. Ẹni tó wọn 60 kílò lè gbà tó 17 mg lóòjọ́. Lítà méjì omi tó wà ní 0.2 kò ju 0.4 mg lọ. Omi Abẹ́kẹ́, bí ìṣirò Ayọ̀ bá jẹ́ òótọ́, 9 mg ni. Omi nìkan ti gba ìdajì, oúnjẹ ò tíì wọlé. Ẹni tó bá tún ń mu oògùn funfun olómi fún inú tó ń ta á, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní alumíníọ̀mù, mg tó tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan sì lè wà nínú èyí tó mu lẹ́ẹ̀kan.

Ìkòkò rírọ yẹn, ohun kíkan ló ń jẹ ẹ́: ògì, tòmátì. Sísè nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí kí ẹ fi oúnjẹ sun ibẹ̀ mọ́jú. Ẹ tètè máa dà á kúrò. Èyí tó sì ń bà mí lẹ́rù jù lára ìkòkò tí wọ́n fi irin jákujàku rọ kì í ṣe alumíníọ̀mù, òjé ni. Wọ́n ti rí òjé lára irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Adúláwọ̀. Èyí tó ti ń ṣí yẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọmọ Òròkí
Ó dáa, mo ti jẹ gúgúrú tán, mo fẹ́ béèrè ìbéèrè gidi. Omi òjò la ń gbè nílé wa, ọ̀ṣọ̀rọ̀ páànù. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i "kó lè dán". Ṣé ó burú?

Bàbá Wọ́tà
Kí ẹ̀gbọ́n rẹ dáwọ́ dúró lónìí! Omi òjò ni omi tí a kì í fi álọ́ọ̀mù sí rárá. Nínú omi kànga àti omi odò, àwọn èròjà kan wà tó ń gba kíkan álọ́ọ̀mù mọ́ra kí pH má bàa jábọ́. Omi òjò ò ní wọn. Álọ́ọ̀mù díẹ̀ báyìí, omi ti kan, alumíníọ̀mù ò sì ní rí amọ̀ tí ó máa lẹ̀ mọ́, inú omi ló máa wà. Kí ó gbá páànù, kí ó jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ ṣàn dànù, kó se omi náà tàbí kó fi WaterGuard, oògùn kọ́lórínì olómi yẹn, sí i. Ó parí.

Nígbà tí a wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń pọn omi odò Ọ̀ṣun. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lókè lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni odò yẹn ti pọ́n tí kò mọ́ mọ́. Álọ́ọ̀mù lè mú un tòrò kó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọkàn tán an pé yóò kó makúrì àti òjé kúrò. Omi tó tòrò kò túmọ̀ sí omi tó mọ́.

Ó yá, Abẹ́kẹ́, gbọ́ bí wàá ṣe ṣe é. Gún álọ́ọ̀mù kó kúnná. Bu ṣíbí tíì kan tó kún déédéé, nǹkan bí 5 gíráàmù nìyẹn, kí o yo ó sínú omi lítà kan. Gbé garawa lítà 20 mẹ́ta kalẹ̀, kí o bu omi kànga kún wọn. Da 50 ml nínú omi álọ́ọ̀mù yẹn sí àkọ́kọ́, 100 ml sí ìkejì, 200 ml sí ìkẹta. Rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, kí o wá máa rò ó jẹ́jẹ́ bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ibi rírò jẹ́jẹ́ yìí ni àwọn èèyàn kì í ní sùúrù sí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni amọ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ra. Tí o bá sáré jù, wàá tún tú u ká. Fi í sílẹ̀ wákàtí kan tàbí méjì. Garawa tí álọ́ọ̀mù rẹ̀ kéré jù tó sì tòrò, òun ni ìwọ̀n kànga yín fún àkókò yìí. Tí ó bá jẹ́ ìkejì, ìyẹn ni ṣíbí kan sí dúrọ́ọ̀mù kan. Bu omi lókè, má ru gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni kí o sè é tàbí kí o fi WaterGuard sí i, nítorí álọ́ọ̀mù kì í pa kòkòrò. Sísè sì kì í yọ alumíníọ̀mù, omi tó bá fẹ́ lọ kúrò nínú ìkòkò máa fi í sílẹ̀ ni.

Púlọ́ńbà Ọ̀ta-Ẹ̀fun
Bàbá ti sọ ọ́. Mo fẹ́ fi kún un pé àwọn kan ń da álọ́ọ̀mù sínú GP táǹkì lókè ilé. Ẹ má ṣe é! Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn á jókòó sídìí táǹkì, ọjọ́ tí omi bá ti lọ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á gba páìpù wọlé. Mo ti ṣí táǹkì rí tí ohun funfun kan tó ń yọ̀ bo ìdí rẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀mù ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ tó gbé omi tó tòrò lọ sókè.

Ayọ̀ Kẹ́mísìrì
Ẹ̀yin tí ẹ ń wo nǹkan funfun inú kẹ́tù, ìyẹn kì í ṣe alumíníọ̀mù o. Kálísíọ̀mù ni ó sábà máa ń jẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́kọ
Wọ́n ní èso mọ̀ríńgà náà ń mú omi tòrò. Ṣé ọ̀rọ̀ ajé ni àbí òótọ́?

Bàbá Wọ́tà
Òótọ́ ni. Ẹ ó bó èèpo èso tó ti gbẹ, ẹ ó lọ̀ ọ́, ẹ ó pò ó mọ́ omi díẹ̀, ẹ ó sẹ́ ẹ kí ẹ tó dà á sínú omi pípọ́n. Kò ní alumíníọ̀mù, kò sì ń mú omi kan. Àbùkù rẹ̀ ni pé oúnjẹ kòkòrò ń ṣẹ́kù sínú omi, nítorí náà kí omi yẹn má sùn di ọjọ́ kejì, yóò rùn.

Abẹ́kẹ́ Òkè-Baálẹ̀
Bàbá, mo ti ṣe é. Àkọ́kọ́ ò tòrò rárá. Ìkejì tòrò díẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín pupa ṣì wà nínú rẹ̀. Ìkẹta ló mọ́. Ìyá ní omi wọn ní dúrọ́ọ̀mù mọ́ ju èyí lọ, pé rírò yẹn ló ń dun apá wọn. Ẹnu ò kan bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ mo ṣì ń tọ́ ọ wò díẹ̀. Ṣé kí n fi kánún sí i? Ó wà nílé.

Bàbá Wọ́tà
Má fi kánún sí omi mímu ọmọ, a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ra baking soda, iye rẹ̀ gíráàmù sí gíráàmù pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, òun ni kí o kọ́kọ́ yo sínú omi kí álọ́ọ̀mù tó wọlé. Ilẹ̀ Òṣogbo yìí, òkúta líle ló wà nísàlẹ̀, omi kànga wa kì í sábà ní èròjà tó ń gba kíkan mọ́ra, ìdí nìyẹn tó fi tètè ń kan. Bí ìkẹta bá jẹ́ tìrẹ, ṣíbí méjì sí dúrọ́ọ̀mù kan nìyẹn. Ó ṣì jìnnà sí ẹyin adìẹ. Kí àwọn ọmọ ilé máa bá Ìyá rò ó.

Ayọ̀ Kẹ́mísìrì
Soda o, kì í ṣe baking powder! Àwọn baking powder kan ní alumíníọ̀mù nínú. Ẹ ka ara páálí rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́: mo lè kó omi lọ sí yàrá àyẹ̀wò, tí a bá pọ̀, owó rẹ̀ ò ní ga fún ẹnì kan. Wọ́n máa wo pH, bí omi ṣe rú tó, àti alumíníọ̀mù. Ta ló fẹ́?

Bàbá Wọ́tà
Sọ fún wọn kí wọ́n wo alumíníọ̀mù lọ́nà méjì, gbogbo rẹ̀ pátá, àti èyí tó ṣì wà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi fílítà kékeré sẹ́ omi náà. Èyí ìkejì ló ń yòrò, òun ló máa sọ bóyá ìwọ̀n wa tọ́. Ike tuntun ni kí ẹ lò, ẹ fi omi náà ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó bu ú, ẹ má fi ìkòkò alumíníọ̀mù bu omi tí ẹ fẹ́ lọ yẹ̀ wò, ẹ jọ̀ọ́.

Abẹ́kẹ́ Òkè-Baálẹ̀
Èmi wà níbẹ̀. Màá mú ike méjì wá, ọ̀kan láti dúrọ́ọ̀mù ti Ìyá tí a kò tíì dà nù, ọ̀kan láti garawa kẹta.

Ọmọ Òròkí
Mo mú omi òjò ẹ̀gbọ́n mi wá, kò tíì mọ̀.

Alájì Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
Ẹ mú tèmi náà mọ́ ọn, Ayọ̀. Álọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀ bí ìyá mi ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní kó lọ, ẹ̀yin ni ẹ máa sanwó rẹ̀.

Ayọ̀ Kẹ́mísìrì
Alájì, owó yín ni mo máa kọ́kọ́ gbà. Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Ọláìyá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò yín sára ike.